Ìdí rèé tí ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta. Ó tún mì nílẹ̀ Yorùbá lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009. Ibi kan tí àpáta ti sán nísàlẹ̀ ilẹ̀ sì gba Ifẹ̀wàrà kọjá, tí kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn ìlú tí ìjọba àpapọ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ sí.

Kí ló ń da ẹ̀rọ náà láàmú?

Ẹ wo abọ́ tí omi kún dẹ́nu. Bí ẹnìkan bá tì í, omi á dànù. Bí abọ́ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi á dànù bákan náà. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Bí ibi tó jókòó lé bá fì díẹ̀, ṣe ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ mì. Apá tó ń wọn síwá-sẹ́yìn àti sọ́tùn-ún-sósì ló ń jìyà ẹ̀ jù. Èyí tó ń wọn sókè-sódò kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Fífì náà kì í pọ̀. Ká ní ọ̀pá kan gùn tó kìlómítà 1, tí wọ́n gbé orí rẹ̀ kan sókè ní ìdá 1 nínú 1,000 mílímítà, ẹ̀rọ tó dáa á mọ̀ ọ́n. Oòrùn ọ̀sán, òjò tó mú kí ilẹ̀ amọ̀ wú, atẹ́gùn tó ń mi igi, àti ẹni tó kàn ń rìn kọjá, gbogbo wọn ló lè fà á.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí i?

• Orí àpáta ni wọ́n ń gbé e lé, kì í ṣe orí amọ̀. Tàbí kí wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn fún un.
• Síméńtì tó jókòó lé kò gbọdọ̀ kan ògiri yàrá.
• Wọ́n á fi fóòmù bò ó, kí ooru àti afẹ́fẹ́ má baà yí i ká.
• Wáyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ le tantan, kó má baà fà á.
• Wọ́n á jìnnà sí títì àti igi ńlá.

Kí ló kan ará Ẹdúnàbọ̀n?

Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mpape, l'Ábújá, lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, àwọn kan bi í pé ṣé kì í ṣe àwọn tó ń fọ́ òkúta ló fà á. Bí ògiri bá mì lóru ní Ẹdúnàbọ̀n tàbí Mọ̀rọ̀, àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tí ariwo ò bò mọ́lẹ̀ ló lè parí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Torí náà, ibi tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀rọ yìí sí, ẹ má ṣe páàkì ọkọ̀ síbẹ̀, ẹ má sì da yanrìn tì í.