Omi ń Hó, Ọ́ìlì ń Jó: Ọ̀rọ̀ fún Ìgbóná Ọkọ̀ Tó ń Fa Ẹrù

Ọ̀nà àjàgbé ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àlùbọ́sà, tòmáàtì àti màlúù ń ti òkè Ọya bọ̀, wọ́n ń gba Jẹ́bà àti Ìlọrin kọjá lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Sìmẹ́ǹtì àti epo bẹntiróò ń gba ibẹ̀ gòkè lọ. Ní gbogbo ọdún tí iṣẹ́ ọ̀nà tuntun fi ń falẹ̀, títì àtijọ́ kan náà ni ọkọ̀ ńlá àti kékeré jọ ń fún ara wọn mọ́. Kò ṣòro láti rí ọkọ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí ooru omi ń rú jáde nínú rédíétọ̀ rẹ̀.

Ẹ bi awakọ̀ rẹ̀ pé kí ló dé, á ní, "Ọkọ̀ ló gbóná." Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá náà gbóná. Omi inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n 85 sí 105 ti Celsius, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èyí tó bá tutù jù ń jẹ epo, ó sì ń tètè gbó. Ọ̀rọ̀ kan ò yẹ kó jẹ́ àlàáfíà kó tún jẹ́ àìsàn. Èmi fara mọ́ ọn pé kí a pe ti àkọ́kọ́ ní ìgbóná iṣẹ́, kí a sì pe ìkejì ní àgbónájù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti kíláàsì nìkan. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń yọ tẹ́mósítáàtì dànù, wọ́n ní ilẹ̀ tiwa ti gbóná tó, pé ìlú òyìnbó ló nílò rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi dé ìgbóná iṣẹ́, lẹ́yìn náà ló máa ṣí kí omi lè kọjá lọ sí rédíétọ̀. Bí a bá ń pè é ní ilẹ̀kùn omi, ọmọṣẹ́ tó gbọ́ ọ á mọ̀ pé kì í ṣe ohun à ń sọnù.

Ti gíà ló wá le jù. Gíà ọlọ́wọ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ àjàgbé tí a mọ̀, láti ayé ọkọ̀ Leyland tí wọ́n ń tò ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àwọn jíìpù àti píkọ́ọ̀pù tó ń fa tírélà kékeré tàbí jẹnẹrétọ̀ lórí ọ̀nà yìí, ọ̀tọ́mátíìkì ni gíà púpọ̀ nínú wọn. Nínú irú gíà bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọnú gíà. Ìwọ̀n 80 sí 95 ló bá ọ́ìlì náà lára mu. Tó bá kọjá 120, ó ti ń bàjẹ́. Ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà ń tẹ̀ lé ni pé bí ìgbóná bá ti ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lékún, ẹ̀mí ọ́ìlì ń dín sí ìdajì. Ti omi nìkan sì ni géèjì inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń fi hàn. Awakọ̀ lè máa gòkè lẹ́yìn ọkọ̀ epo tó ń rákò, kí ọwọ́ géèjì dúró sí àárín, kí ọ́ìlì gíà sì ti bàjẹ́ tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní orúkọ méjì ni a nílò: ìgbóná omi àti ìgbóná ọ́ìlì gíà. Èdè wa sì ti ya wọ́n sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀, torí omi ní ń hó, ọ́ìlì ní ń jó. Ẹ wo mẹkáníìkì tó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, tó nu ún sí ìka, tó gbóòórùn rẹ̀. Tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sí wàhálà. Tó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, á ní, "Ọ́ìlì yìí ti jó." Gbólóhùn yẹn ti pé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ-apínagbára-fẹ́sẹ̀-ọkọ̀ rọ́pò gíà, kò sẹ́ni tó máa lo orúkọ náà ní gárééjì. Kí gíà máa jẹ́ gíà.

Ọ̀rọ̀ tó dáa gbọ́dọ̀ kọ́ni ní ohun tí à á ṣe. Bí ọwọ́ géèjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ wọ gíà kékeré, ẹ wá ibi yà sí, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní nútírà kí fáànù lè máa fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ìdérí yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kò fi hó ní ìwọ̀n 100. Ẹni tó bá ṣí i lójijì, omi á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bó o lójú.

Irú iṣẹ́ ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ti gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni, kò dé gárééjì. Yunifásítì LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1990, ẹnjiníà ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Yunifásítì ẹ̀kọ́ Emmanuel Aláyandé wà ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì: ẹ pe àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ àjàgbé jókòó, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn kí ẹ tó ṣẹ̀dá òmíràn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé kan tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri gárééjì.