Bí Omi Oníyọ̀ Ṣe Kúrò Nínú Iṣan Bọ́ Sínú Ife

Nínú ara àgbàlagbà, omi ń kó nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, ti ọmọ ọwọ́ sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi lásán, nítorí pé àwọn èròjà bíi sódíọ̀mù, pọtásíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti klóráídì ti yòrò sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tàbí àkójọpọ̀ átọ́ọ̀mù tí ó ní agbára iná mànàmáná lára. Sódíọ̀mù pọ̀ lóde sẹ́ẹ̀lì, pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí ni iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, ibi tí iyọ̀ bá sì gbà ni omi ń tẹ̀ lé e gbà. Àrùn tí ó fipá mú àwọn dókítà ka àwọn èròjà wọ̀nyí sí ni onígbáméjì.

Ní ìparí ọdún 1831 ni onígbáméjì wọ ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtọ́jú tí ó gbajúmọ̀ nígbà náà ni kí a dá ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, kí a sì fún un ní oògùn oní-mákúrì tí ń mú inú ṣí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí omi ń tán lára rẹ̀ ni wọ́n tún ń da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù. William Brooke O'Shaughnessy, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó jẹ́ ẹni ọdún 22, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò, ó sì rí i pé omi àti iyọ̀ inú rẹ̀ ti dín gidigidi, àti pé inú ìgbẹ́ wọn ni iyọ̀ tí ó sọnù náà wà. Thomas Latta, dókítà ní Leith lẹ́bàá Edinburgh, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ débi pé ní ọdún 1832 ó fa omi oníyọ̀ sínú iṣan ìyá arúgbó kan tí gbogbo ìtọ́jú mìíràn ti kùnà lára rẹ̀. Láàárín ìdajì wákàtí, omi tí ó ju lítà 3 lọ ti wọlé sí i lára, ojú rẹ̀ tí ó ti jìn wọnú padà sípò, ara rẹ̀ tí ó ti tutù sì móoru. Latta fi í sílẹ̀ fún dókítà mìíràn. Ìgbẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀, wọn kò fa omi kún un, ìyá náà sì kú ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn mìíràn tí ó tọ́jú yè, ṣùgbọ́n Latta fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1833. Nítorí pé àwọn tí ikú ti kàn nìkan ni wọ́n sábà ń dán ọ̀nà náà wò lára, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé kòkòrò àrùn lè bá omi tí a kò sè wọ inú ẹ̀jẹ̀, àwọn dókítà pa á tì. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kí Leonard Rogers tó sọ ọ́ jí ní Calcutta.

Ọ̀nà mìíràn ni ìmọ̀ nípa kálísíọ̀mù gbà wá. Sydney Ringer ní Lọ́ńdọ̀nù mú kí ọkàn àkèré máa lù nínú omi oníyọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára, kí ó tó wá mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi po iyọ̀ náà, kì í ṣe omi tí a ti mú gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò, bí ó ti rò. Nígbà tí ó lo omi tí kò ní èròjà, ọkàn náà dákẹ́. Kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ni ó ti ń gbé e ró. Ní ọdún 1883 ni ó tẹ àtúnṣe yìí jáde, ìwà tí ó yẹ kí a yìn ju àṣeyọrí àkọ́kọ́ náà lọ.

Ohun tí ó kù ni ẹnu. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti gbà pé onígbáméjì ń bó awọ inú ìfun, tí ó fi dà bíi pé asán ni omi mímu. Ní ọdún 1959, Sambhu Nath De fi hàn ní Calcutta pé májèlé tí kòkòrò àrùn náà ń tú jáde ni ó ń mú kí ìfun da omi. Lónìí a mọ̀ pé klóráídì ni májèlé náà ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tì síta, tí sódíọ̀mù àti omi sì ń tẹ̀ lé e, nígbà tí awọ ìfun fúnra rẹ̀ kò bó. Ní ọdún 1960, Robert Crane ṣàlàyé ní ìlú Prague pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni sódíọ̀mù àti glúkóòsì, ṣúgà tí ó rọrùn jù lọ fún ara láti lò, jọ ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun. Onígbáméjì kò ba ẹnu ọ̀nà yìí jẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá mu iyọ̀ pẹ̀lú ṣúgà yóò gba omi padà bí àrùn náà tilẹ̀ ń lọ lọ́wọ́.

Ìwọ̀n ni ìṣòro tí ó ṣẹ́kù. Ní Manila, níbi tí omi tí a fún àwọn aláìsàn ti ní iyọ̀ jù, àwọn kan kú. Ní ọdún 1968 ní Dhaka, David Nalin àti Richard Cash ń wọn omi tí aláìsàn pàdánù kí wọ́n lè fún un ní iye kan náà mu, omi tí wọ́n nílò láti fà sí aláìsàn nínú iṣan sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Síbẹ̀ àwọn àgbà dókítà ṣì ń ṣiyèméjì, títí ogun Bangladesh ní ọdún 1971 fi kó ogúnléndé lọ sí Bangaon ní Íńdíà, tí omi ìfàsára sì tán. Dilip Mahalanabis, dókítà tí ó ń tọ́jú wọn níbẹ̀, ní kí wọ́n po glúkóòsì, iyọ̀ àti sódà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, kí àwọn ìbátan aláìsàn sì máa fi ife bù ú fún wọn. Ikú tí ó ti tó bí 30 nínú 100 wálẹ̀ sí èyí tí kò tó 4. Kì í ṣe àìsí ẹ̀rí ni ó fa ìdádúró ṣáájú ìgbà yìí. Àwọn oníṣègùn ni kò fẹ́ gbà pé ìyá aláìsàn lè ṣe iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ ń ṣe.

Láti ọdún 1980 títí di 1990 ni àjọ BRAC fi rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé ní Bangladesh, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀, tí a sì ń fi ọwọ́ bu ṣúgà dúdú tí a sè láti ara ìrèké. Ní Nàìjíríà, níbi tí onígbáméjì ti wọlé ní òpin ọdún 1970, ẹ̀kọ́ omi iyọ̀ àti ṣúgà gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, jẹ́ mínísítà ètò ìlera. Ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì ni òṣùwọ̀n omi, ṣíbí ìmutíì sì ni ti iyọ̀.

Omi tí a pò nílé kò ní pọtásíọ̀mù tó, bẹ́ẹ̀ ni ṣíbí kò dọ́gba láti ilé kan sí èkejì, ìdí nìyí tí àpò oògùn tí a ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ fi sàn jù ú lọ níbi tí ó bá wà. Ní ọdún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín sódíọ̀mù inú rẹ̀ kù láti millimole 90 sí 75 nínú lítà kan, nítorí pé ara aláìsàn onígbáméjì ni wọ́n ti fa ìwọ̀n àkọ́kọ́ yọ, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru tí ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọdé kì í gba iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára wọn.