Òórùn Òkú Lọ́wọ́ Dókítà

Ní ọdún 1976, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọkùnrin làǹtìlanti kan. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, mo wọkọ̀ láti ilé-ìwé, ó di ilé. Ọdún kejì mi nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní "Dókítà" kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, mo sì na ọwọ́ méjèèjì pé kí wọ́n gbé ọmọ fún mi.

Ìyá mi ni wọ́n gbé e sẹ́sẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé imú sókè bí ẹni tí ó ń wá ibi tí ọbẹ̀ ti ń jóná. Wọ́n ní, "Àjàní, kí ló wà lára rẹ?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí."

"Ọwọ́ rẹ ń rùn. Òórùn òkú ni. Lọ jókòó sọ́hùn-ún. O ò ní fi ọwọ́ yẹn kan ọmọ tuntun nínú ilé yìí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó dà bíi kí ilẹ̀ la kí n wọlé. Àwọn ìyá àdúgbò jókòó lọ kítikìti, gbogbo wọn gbọ́. Mo lọ jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ẹnu-ọ̀nà, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé, kí ni ìyá tí kò mọ̀wé mọ̀ nípa iṣẹ́ dókítà? Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí n tó rí ìdáhùn ìbéèrè yẹn nínú ìwé. Ìtàn tí mo rí nínú ìwé ọ̀hún ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

OHUN TÍ OJÚ ÀTI IMÚ WA RÍ

Ẹni tí kò bá dé yàrá tí a ti ń la òkú rí kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Yàrá gbàràmù ni, tábìlì tò lọ bẹẹrẹ, òkú kan lórí tábìlì kan, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà yí i ká. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá bèèrè ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti fi omi fọ́málínì sínú iṣan wọn kí wọ́n má baà jẹrà. Omi yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà: á ta ojú pẹ̀ẹ̀, omi á bọ́ lójú, ọ̀nà ọ̀fun á máa yún ni. Lábẹ́ ìtasánsán fọ́málínì yẹn ni òórùn kejì wà, òórùn ọ̀rá ara ènìyàn. Òun gan-an ni kì í lọ bọ̀rọ̀.

Kí ni a kò lò tán? A fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ọwọ́. A fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́ títí awọ fi pọ́n. Ẹnìkan ní kẹrosíìnì ni, a lo kẹrosíìnì. Òórùn wá di méjì. Àwọn obìnrin inú wa ń fi gèlè di irun mọ́ inú pinpin, nítorí irun a máa gba òórùn sára bí òwú ṣe ń fa epo. Àwọn mìíràn ń fi róòbù ra ihò imú kí wọ́n tó wọlé. Ẹ̀wù kan ni olúkúlùkù yà sọ́tọ̀ fún yàrá yẹn, ìta fèrèsé ni ẹ̀wù ọ̀hún ń sùn. Pẹ̀lú gbogbo èyí, bí a bá wọ ọkọ̀, ẹni tí ó jókòó tì wá á rọra sún. Ní ti ẹran inú ọbẹ̀, ó tó oṣù méjì tí n kò lè fi ẹnu kàn án.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Fọ́málínì kì í kàn bo ẹran ara lójú lásán. Ó máa ń so mọ́ ọn, á sì sọ ọ́ di líle. Awọ ọwọ́ wa náà, ẹran ara ni, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín alààyè àti òkú. Ọ̀rá òkú náà á há sí abẹ́ èékánná, omi lásán kò sì lè mú ọ̀rá kúrò. Èyí tí ó wá burú jù ni pé imú a máa tètè mọ́ òórùn lára. Lẹ́yìn wákàtí kan, àwa kò gbọ́ òórùn mọ́. A ń rò pé ó ti lọ, àwọn ará ilé ni wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan kún un. Ojú ń tì wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń wù wá díẹ̀. Òórùn yẹn ni àmì pé a ti ń di dókítà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

KÍ FỌ́MÁLÍNÌ TÓ DÉ

Bí àwa bá ń ráhùn, kí ni ti àwọn tí ó ṣáájú wa? Ní ìlú Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Mondino kọ ìwé kan ní 1316 lórí bí a ṣe ń la òkú. Ó ní kí á kọ́kọ́ la ikùn, lẹ́yìn náà àyà, lẹ́yìn náà orí, kí á fi apá àti ẹsẹ̀ ṣe ìkẹyìn. Kí ló dé? Ikùn ló ń tètè rà! Òórùn ni ó pín iṣẹ́ fún wọn, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn sì fi tẹ̀lé ètò yẹn. Vesalius tí ó kọ́ni ní Padua, tí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ara ènìyàn jáde ní 1543, fi ọwọ́ ara rẹ̀ la òkú dípò kí ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Ìgbà òtútù ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, nítorí nínú ooru, òkú kì í dúró de ẹ̀kọ́.

Àìrí nǹkan fi tọ́jú òkú yìí ló bí ìwà ìkà kan ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland. Òkú tí kò tíì rà ni àwọn olùkọ́ ń wá, owó gidi ni wọ́n sì ń san. Ní 1828, àwọn ọkùnrin méjì, Burke àti Hare, bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn láti tà fún Dókítà Robert Knox. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ni wọ́n pa kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n. Hare jẹ́rìí lòdì sí ẹnì kejì rẹ̀, ó bọ́. Wọ́n so Burke kọ́ ní oṣù January 1829, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn kí wọ́n là á. Egungun rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì ibẹ̀ títí di òní. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní 1832 tí ó jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rí òkú tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè gbà.

Ìlú Edinburgh yìí kan náà ni ọmọ wa, Obadiah Johnson, ti kọ́ ìṣègùn láàárín àwọn ọdún 1880. Àbúrò Àlùfáà Samuel Johnson ni, òun ló sì tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ tò, tí ó fi jáde ní 1921. Ìgbà tí ó ń la òkú, kò tíì sí fọ́málínì ní yàrá ẹ̀kọ́ kankan. Ní 1893 ni Ferdinand Blum, dókítà ará Jámánì, ń dán èròjà yìí wò bóyá ó lè pa kòkòrò àrùn. Ó ṣàkíyèsí pé awọ orí ìka òun ti le gbagidi. Ó rò ó pé bí ó bá lè ṣe ìka òun báyìí, á ṣe ẹran ara bẹ́ẹ̀. Láti ara ìka kan tí ó le ni gbogbo omijé wa ti bẹ̀rẹ̀.

ỌWỌ́ TÍ Ó PA ÀWỌN ABIYAMỌ

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó mú mi jókòó jẹ́ẹ́ nìyí. Ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà. Àwọn dókítà àti ọmọ ilé-ìwé wọn ló ń gbẹ̀bí ní ti àkọ́kọ́. Àwọn agbẹ̀bí obìnrin ló wà ní èkejì. Ní 1846, nínú ọgọ́rùn-ún abiyamọ tí wọ́n bí ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà, ó lé ní mọ́kànlá tí ó kú. Ní ti àwọn agbẹ̀bí, kò pé mẹ́ta. Àwọn aboyún mọ̀. Wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn kan gbà kí àwọn bímọ sí títì.

Ọ̀dọ́ dókítà kan wà níbẹ̀, Ignaz Semmelweis, ọmọ ilẹ̀ Hungary. Kò rí oorun sùn nítorí ọ̀ràn yìí. Ní March 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jakob Kolletschka, kú. Ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan ló gún un níka níbi tí wọ́n ti ń la òkú. Nígbà tí Semmelweis ka ohun tí wọ́n rí nínú òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé àìsàn kan náà tí ń pa àwọn abiyamọ ni. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Láàárọ̀, àwọn dókítà á la òkú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rìn lọ sí wọ́ọ̀dù, wọ́n á ki ọwọ́ kan náà bọ inú obìnrin tí ń rọbí. Àwọn agbẹ̀bí kì í la òkú ní tiwọn.

Wọn kì í ṣe ọ̀bùn o. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọwọ́! Ṣùgbọ́n Semmelweis ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn ọṣẹ, òórùn òkú ṣì máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní bí òórùn bá ṣì wà, nǹkan kan láti ara òkú ṣì wà níbẹ̀. Ó wá nǹkan tí yóò pa òórùn náà, ó sì rí omi kiloríìnì, irú kiloríìnì tí à ń dà sínú kànga. Láti àárín oṣù May 1847 ni ó ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan abiyamọ láìjẹ́ pé ó fi omi yìí fọwọ́. Ní April, méjìdínlógún ló kú nínú ọgọ́rùn-ún. Ní June, ó di méjì. Ní odindi oṣù March 1848, abiyamọ kan ṣoṣo kò kú níbẹ̀.

Ẹ óò rò pé wọ́n gbé e gẹṣin. Rárá o. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá dókítà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, a jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa àwọn obìnrin yẹn, ta ni yóò sì jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan tí ó gbà á, Michaelis ti ìlú Kiel ní Jámánì, kò lè gbà á kí ó sì tún wà láàyè. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tí ó kú. Ní 1848, ó bẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Semmelweis fi Vienna sílẹ̀, ó padà sílé. Nígbà tí ó yá, ìbínú àti ìbànújẹ́ dà á lórí rú. Wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn wèrè ní 1865, ó sì kú níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọgbẹ́ tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Ní 1867 ni Lister kọ̀wé lórí bí a ṣe ń fi oògùn pa kòkòrò ojú ọgbẹ́, ní 1879 ni Pasteur sì fi kòkòrò tí ń pa àwọn abiyamọ hàn gbogbo ayé. Semmelweis kò rí kòkòrò kankan rí. Imú rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé.

TA LÓ JÀRE?

Kí á má parọ́ o. Òórùn ọwọ́ tèmi ní 1976 kì í ṣe òórùn ọwọ́ àwọn dókítà Vienna. Òkú tí ń rà ni tiwọn. Fọ́málínì tí ó wà nínú tiwa a máa pa kòkòrò. Bóyá ọmọ yẹn kò ní kú bí mo bá gbé e. Ṣùgbọ́n fọ́málínì náà kì í ṣe ohun ìṣeré: ní 2004, àjọ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sí ara àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Láti 1992 ni Walter Thiel ti Graz, ní Austria kan náà, ti gbé ọ̀nà mìíràn jáde láti tọ́jú òkú pẹ̀lú fọ́málínì díẹ̀. Ohun tí ń ta ojú wa nígbà yẹn ní ìdí tí ó fi ń ta á.

Ìyá mi kò mọ èyí. Òfin ilé wa ni wọ́n mọ̀: ẹni tí ó ti ibi òkú bọ̀, kí ó wẹ̀ kí ó tó kan ìkókó. Ẹni tí ó dá òfin yẹn sílẹ̀ kò rí kòkòrò, gẹ́gẹ́ bí Semmelweis náà kò ṣe rí i. Ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ̀wé ni mo jókòó sórí àpótí tí mò ń bínú, tí mo ń fi òórùn ṣe oyè. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Irú ìgbéraga yẹn gan-an ló pa àwọn abiyamọ ní Vienna.

Ní 1978, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbẹ̀bí, mo ka ìtàn yìí. Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, mo jókòó ti ìyá mi nínú ilé ìdáná, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń já ewédú, wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ìyá ọkùnrin yẹn tọ́ ọ dáadáa."

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú sí ohun tí mo rò lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n wá gbọ́ tirẹ̀ nígbẹ̀yìn?"

Mo ní, "Ó ti kú kí wọ́n tó gbọ́, Ìyá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti pé ọmọ ọdún méjì, sáré wọlé, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ìyá mi wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ọmọ náà.

Wọ́n ní, "Omi wà nínú ìkòkò. Lọ fọwọ́ kí o tó gbé e."