Kànga Àràrọ̀mí àti Ọ̀pá Gáàsì Olokola



Bí ẹ bá dúró ní ilé-epo kan ní Challenge tàbí ní Ring Road, tí ẹ bi ọmọ tí ó ń bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ pé níbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí epo rọ̀bì tí ó tó tà ní Nàìjíríà, kíá ni yóò dáhùn pé, “Oloibiri, ní ọdún 1956.” Ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ tún bi í pé níbo ni òyìnbó ti kọ́kọ́ fi irin lu ilẹ̀ wá epo náà. Ó ṣeé ṣe kí ó dákẹ́.

Ilẹ̀ Yorùbá ni. Láti Challenge, ẹ gba Ìdí-Ayùnrẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ já sí Òrè, kí ẹ sì yà sí ọ̀nà Òkìtìpupa. Ẹ ó bá abúlé kan tí ń jẹ́ Agbabu. Ní agbègbè yìí, àti ní ìhà Àràrọ̀mí, ọ̀dà dúdú ń ru jáde láti inú ilẹ̀, irú èyí tí a fi ń tẹ́ títì. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, a máa le. Bí oòrùn bá mú, a máa yọ́, a sì máa ṣàn bí oyin.

Ọ̀dà yìí ni ó fa Ọ̀gbẹ́ni John Bergheim wá. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú iṣẹ́ náà: òun àti McGarvey, ará Kánádà, ti gbẹ́ kànga epo ní Galicia, ilẹ̀ tí ó pín sí Poland àti Ukraine lónìí. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Nigerian Bitumen Corporation, bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ ní ọdún 1908. Àwọn ìwé ìtàn kan ń pè é ní ilé-iṣẹ́ Jámánì. Àṣìṣe ni, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìjọba Southern Nigeria lábẹ́ Sir Walter Egerton tilẹ̀ yá a lówó, nítorí pé àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń fi èédú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yí sí epo.

Ẹ fi ojú inú wò ó. Kò sí títì ọkọ̀ ní agbègbè yẹn nígbà náà. Ọ̀sà àti odò ni ọ̀nà. Ilẹ̀ àbàtà ni, ẹ̀fọn sì pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n gbẹ́ kànga tí ó lé ní mẹ́wàá. Epo wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ki, omi sì dàpọ̀ mọ́ ọn. Kò pọ̀ tó ohun tí a lè tà kí a jèrè. Bergheim kú ní ọdún 1912. Nígbà tí ogun ńlá dé ní ọdún 1914, iṣẹ́ parí pátápátá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí. Ní ọdún 1908 kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn rí epo ní Masjid-i-Sulaiman, ní ilẹ̀ Páṣíà tí a ń pè ní Iran lónìí. Epo tiwọn tú jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí máìlì 130 títí dé Abadan létí omi. Ní ọdún 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ní irú epo bẹ́ẹ̀, kí ni yóò tún fi ọ̀dà Àràrọ̀mí ṣe?

Epo tí kò ní ọ̀nà kì í di owó. Àwa ará Ìbàdàn mọ èyí dáadáa. Ọ̀pá ni a rì láti Atlas Cove ní Èkó, tí ó gba Mosimi nítòsí Ṣágámù, kí epo bẹntiróòlù lè dé àwọn táńkì Àpáta, kí ó sì kọjá lọ sí Ìlọrin. Nígbà tí àwọn olè bá lu ọ̀pá náà, ọkọ̀ agbépo ni a ó máa retí, ẹ sì mọ bí ìlà ṣe máa ń gùn láti ilé-epo títí dé ojú títì ní Bódìjà àti Dùgbẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Bergheim kí irú ọ̀rọ̀ yìí tó tún dé etí òkun wa. Ara àwọn Ìlàjẹ kò balẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù May 1998, àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ jókòó sórí pèpéle epo Parabe ti Chevron lójú òkun, wọ́n ń béèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe omi wọn tí ó bàjẹ́. Àwọn ológun dé. Ọmọkùnrin méjì kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco, àwọn adájọ́ aráàlú ibẹ̀ sì dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní ọdún 2008.

Ẹ̀yin náà yóò wá mọ ìdí tí inú àwọn ènìyàn fi dùn nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ sọ pé òun yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ gáàsì ńlá sí Olokola, ní ààlà Ògùn àti Oǹdó. NNPC, Chevron, Shell àti BG ni wọ́n pa owó pọ̀. Ọ̀pá ni yóò gbé gáàsì dé ibẹ̀. Wọn yóò mú un tutù títí yóò fi di omi, tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò dín kù ní ìlọ́po 600, kí ọkọ̀ òkun lè gbé e lọ tà.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ń retí pé yóò jẹ́ oníbàárà pàtàkì. Láàárín ọdún díẹ̀, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àpáta tirẹ̀, gáàsì sì ń tú jáde níbẹ̀ débi pé kò nílò ti ẹlòmíràn mọ́. Nílé wa níhìn-ín, òfin tuntun lórí epo wà níwájú Ilé Aṣòfin fún ọdún pípẹ́. Kò sí ẹni tí ó mọ iye owó orí tí yóò san. Ta ni yóò da owó rẹ̀ sínú irú rẹ̀? Nígbà tí ọdún 2013 fi parí, ilé-iṣẹ́ àjèjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yọwọ́. A kò kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, a kò sì ri ọ̀pá kankan lọ síbẹ̀.

Ní Agbabu, kànga kan láti ayé Bergheim ṣì wà. Irin rẹ̀ ti dípata, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ọ̀dà dúdú a máa ru jáde lẹ́nu rẹ̀, a sì máa tàn ká ilẹ̀.