John Archibald Wheeler

John Archibald Wheeler (9 Oṣù Keje 1911 – 13 Oṣù Kẹrin 2008) jẹ́ onímọ̀ físíksì ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí agbára òòfà, tó sì ń wádìí ohun tó mú kí ayé wà rárá. Jacksonville, ní Florida, ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Johns Hopkins.

Òun àti onímọ̀ físíksì Niels Bohr ló kọ àpilẹ̀kọ tó ṣàlàyé bí kóró átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù ṣe ń là sí méjì. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án 1939 ló jáde, ọjọ́ tí Jámánì kọlu Pólándì. Nígbà ogun, ó ṣiṣẹ́ ní Hanford, níbi tí wọ́n ti ń ṣe plutóníọ̀mù fún bọ́ǹbù. Àbúrò rẹ̀, Joe, kú sójú ogun ní Ítálì ní 1944. Títí Wheeler fi darúgbó ló ń kábàámọ̀ pé bọ́ǹbù náà kò tètè parí.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí òòfà ló gbayì jù. Ní 1952, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Princeton ní tíọ́rì Einstein nípa òòfà, nígbà tí àwọn onímọ̀ físíksì tó kà á sí kò pọ̀. Ọdún kejì, ó kó wọn lọ sílé Einstein fúnra rẹ̀. Onímọ̀ físíksì Oppenheimer ti sọ tipẹ́ pé ìràwọ̀ ńlá lè wó sínú ara rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní lè jáde. Wheeler kọ̀, ó sì bá a jiyàn ní gbangba ní 1958. Ẹ̀yìn èyí ló gbà, ó sì di agbẹnusọ ọ̀rọ̀ náà: òun ló sọ ihò dúdú, orúkọ irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, di mímọ̀ láti 1967, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọ̀hún ti wà nínú ìwé ìròyìn ní 1964. Richard Feynman, Hugh Everett, Jacob Bekenstein àti Kip Thorne wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Òun, Thorne àti Charles Misner ló kọ ìwé Gravitation (1973), tó lé ní 1,200 ojú ìwé.

Ó lọ sí Yunifásítì Texas ní Austin ní 1976. Níbẹ̀ ló ti gbájú mọ́ ìbéèrè nípa ohun tó wà gan-an. Ó dá àdánwò kan lábàá: kí wọ́n rán fótọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ègé ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù, gba ibi tí ọ̀nà ti pín méjì. Bí a bá ṣọ́ ọ̀nà tó gbà, ọ̀kan péré la ó rí. Bí a bá pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀, á hùwà bí ohun tó gba méjèèjì. Wheeler ní kó ti kọjá oríta náà ná, kí a tó yan èyí tí a ó ṣe. Àwọn olùwádìí ní Faransé ṣe é ní ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tó péye jù, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2007, ó sì bá ìṣirò kúáńtù, ìyẹn ìṣirò ìhùwàsí àwọn ohun bíńtín, mu. Ohun tí èsì yìí túmọ̀ sí ni kò tíì yanjú. Wheeler rò pé ohun tó ti kọjá kò fìdí múlẹ̀ títí a ó fi wò ó. Àwọn mìíràn ní kò pọn dandan láti rò bẹ́ẹ̀, pé ìṣirò náà pé láìsí bẹ́ẹ̀.

Ní 1989, ó dábàá pé láti inú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo ohun tó wà ti jáde. Kò fi ìṣirò kan pàtó tì í lẹ́yìn. Àmọ́ lórí ìsọfúnni kúáńtù, ìṣirò wà: William Wootters àti Wojciech Zurek, tí àwọn méjèèjì kẹ́kọ̀ọ́ ní Austin lásìkò rẹ̀, ti fi hàn ní 1982 pé a kò lè ṣe ẹ̀dà ipò kúáńtù tí a kò mọ̀, òfin tí àwọn tó ń fi kúáńtù dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí gbára lé.