Ẹni Tó Mọ Ilé Wa

Ajílété wà lójú ọ̀nà Ìdírókò. Kí GSM tó dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, alájọ ni báńkì ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa: á ya ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, á kí wọn, á gbowó, á sàmì sí káàdì. Lọ́dún 2013, CBN gbé ìlànà aṣojú báńkì jáde. Ibẹ̀ ni oníPOS ti rí ọ̀nà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ìdánwò dé ní oṣù kejì ọdún 2023. Wọ́n ti pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, tuntun ò sì kárí. Gbogbo wa sáré sídìí transfer, nẹ́tíwọ̀kì ò gbé e. Ta ló wá fún wa ní gàrí? Ìyá tó mọ ilé wa ni: "Ẹ máa gbé e lọ, tó bá wọlé, màá rí i." Fóònù ò mọ ẹni tó ń san gbèsè, ìyá mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ká ṣì máa ná owó àtijọ́. Owó padà, àmọ́ transfer ò lọ mọ́. Ìyá náà ti lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ṣì ń bèèrè àlàáfíà ará ilé wa.

Ẹ̀yin tó ń dá òwò sílẹ̀, ẹ gba ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ oníbàárà yín: lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, òun ló kù.