Ta Ló Ń Gbọ́ Asọ̀rọ̀mágbèsì?

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ rédíò ti tú àṣírí ìṣòro náà: asọ̀rọ̀mágbèsì. Oníwèé ìròyìn a ka iye ẹ̀dà tó tà, onítíátà a ka iye ẹni tó sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ rédíò ní tirẹ̀ kò mọ̀ bóyá èèyàn ló ń bá sọ̀rọ̀ àbí ògiri. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó ìpolówó ọjà ti ń bọ́ rédíò, àìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lẹ́tà àwọn olùgbọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ètò dùn mọ́ jù àti ẹni tínú ń bí ló sábà máa ń kọ lẹ́tà.

Ní 1930, Archibald Crossley dá ìwádìí tó kárí orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a tẹ ilé láago, wọn a béèrè ohun tí àwọn ará ilé náà gbọ́ lórí rédíò lánàá. Ètò tó lókìkí kì í ṣòroó rántí; ètò kékeré tí èèyàn gbọ́ ní tòótọ́ á ti lọ lórí rẹ̀. Ohun tí C. E. Hooper rí nìyẹn tó fi gbé tirẹ̀ dé ní 1934: ẹ má béèrè àná, ẹ béèrè ìsinsìnyí. Nígbà tí aago yìí dún, ṣé ẹ ń gbọ́ rédíò? Ètò wo? Ìgbàgbé kúrò ńbẹ̀, ṣùgbọ́n tẹlifóònù kò kúrò. Ní 1940, nínú ilé 100 ní Amẹ́ríkà, bíi 83 ló ní rédíò, bíi 37 péré ló ní tẹlifóònù. Àwọn tálákà àti àgbẹ̀ inú oko ń gbọ́, kò sẹ́ni tó kà wọ́n.

Arthur Nielsen ní kí wọ́n yéé bi èèyàn rárá. Ní 1936 ó ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní yunifásítì MIT, Audimeter ni wọ́n ń pè é, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1942. Inú ilé ni wọ́n ń so ó mọ́ rédíò; a sì máa kọ ibùdó tí wọ́n yí i sí sílẹ̀, wákàtí sí wákàtí. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé, kì í tijú. Àmọ́ rédíò ló mọ̀, kò mọ èèyàn. Bí ìyálé ilé bá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé tí rédíò ń dá sọ̀rọ̀ ní ìdáná, olùgbọ́ ni wọ́n kà á sí. Nígbà tí rédíò kékeré àti ti inú ọkọ̀ wá gbòde, ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ rédíò ilé kò lè tẹ̀ lé wọn jáde.

Ìwé ló kù. Ilé-iṣẹ́ Arbitron ń fi ìwé kékeré ránṣẹ́ síni láti kọ ohun tó bá gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ rántí ọmọ ilé-ìwé tó fi iṣẹ́ ìsinmi sílẹ̀ di alẹ́ tó ṣáájú ìwọlé: bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń kọ ọjọ́ méje lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ń tún orúkọ ibùdó pè ṣáá. Ó fẹ́ kó wọ inú ìwé ni.

Ní 2007, ní Philadelphia àti Houston, Arbitron fi ẹ̀rọ PPM rọ́pò ìwé. Èèyàn a so ó mọ́ bẹ́líìtì, ẹ̀rọ náà a sì máa gbọ́ àmì tí àwọn ibùdó fi pa mọ́ sínú ohùn wọn. Ó hàn pé ibùdó táwọn èèyàn ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń kọ lọ, wọn kì í sì í pẹ́ lórí ọ̀kan. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni iye olùgbọ́ ọ̀pọ̀ ibùdó aláwọ̀ dúdú àti ti elédè Sípáníìṣì já wálẹ̀. Ṣé àwọn olùgbọ́ ló lọ ni, àbí àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ ni kò ṣojú wọn? Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ New York, Andrew Cuomo, gbé Arbitron lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kẹwàá 2008. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní oṣù kìíní 2009, Arbitron gbà láti mú ilé tí kò ní ju fóònù alágbèéká lọ pọ̀ sí i nínú àwọn tó ń yàn. Tẹlifóònù ti Hooper nìyẹn, ó tún padà dé.

Àmì inú ohùn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Abẹ́ orin tó kún ló ti ń rí ibi sá pamọ́ sí. Bí ohùn bá fẹ́lẹ́ tàbí tó dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ lè má gbọ́ ọ. Ní 2015 àwọn ibùdó ń ra àpótí kan, Voltair, láti fún àmì wọn lágbára. Ilé-iṣẹ́ Nielsen, tó ti ra Arbitron ní 2013, wá fún àmì ọ̀hún lágbára fúnra rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá ń rọra sọ̀rọ̀ lè pàdánù iye olùgbọ́, kódà bí wọ́n bá jókòó tì í títí ètò fi parí.